Ẹ Kí Ọ̀ta, Ẹ Kí Òpè: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Ṣètò Ìdíje Ṣẹ́ẹ̀sì Àdúgbò

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ olùṣètò,

A kí yín kú iṣẹ́. A mọ ohun tó wà nídìí ìdíje ọjọ́ kan: ẹ ó wá gbọ̀ngàn, ẹ ó yá aago, ẹ ó kọ orúkọ, síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ẹnìkan á dìde pé òun kò rí orúkọ òun lára ògiri. A kò kọ lẹ́tà yìí láti fi bu yín. Ẹnìkan là ń kọ ọ́ nítorí rẹ̀: ẹni tó wá sí ìdíje yín lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì padà wá mọ́.

Kì í ṣe ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, ni ẹni yẹn. Ọ̀ta á padà, ó mọ ohun tó ń wá gbà. Àwọn tó wà láàárín àtẹ àti nísàlẹ̀ rẹ̀ là ń wí, àwọn tó san iye owó kan náà tí ọ̀ta san, tí wọ́n jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ta ayò márùn-ún, tó sì jẹ́ pé mẹ́rin nínú rẹ̀ ni gbogbo ayé ti mọ ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó tẹ aago. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, wọ́n máa ń fi ṣàwàdà pé ọ̀ta ní í jẹ́, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn. Àwàdà náà dùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sanwó ìwọlé.

Ìṣirò ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n Elo, nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí ẹnìkan ṣe mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta tó, kì í ṣe oyè, àsọtẹ́lẹ̀ ni. Arpad Elo ló gbé e kalẹ̀, FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, sì gbà á wọlé ní 1970. Ohun tó ń sọ kò ju èyí lọ: bí ẹnìkan bá fi 100 ju ẹni tó kojú rẹ̀, à ń retí pé nínú 100 ayò yóò kó àmì bíi 64 (ẹni tó borí gba àmì 1, ọ̀mì, ìyẹn ayò tí ẹnikẹ́ni kò borí, jẹ́ ìdajì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan). Bó bá jẹ́ 200 ló fi jù ú, yóò kó 76. Bó bá jẹ́ 400, yóò kó 92. Ní àlàfo 400, àmì 8 ni ẹni ìsàlẹ̀ ń retí nínú 100 ayò, bẹ́ẹ̀ ìdíje yín kò ju ayò márùn-ún lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ètò Swiss ń ṣe, ìyẹn ètò tí a kì í ti í lé ẹni tó pàdánù kúrò, tí àwọn tí àmì wọn bára mu máa ń pàdé ara wọn ní ìpele tó kàn. Ètò dáadáa ni, Zurich ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní 1895, kò sì sí èyí tó dà bí i rẹ̀ fún kíkó èrò púpọ̀ jọ láàárín àkókò díẹ̀. Bí aláyò 32 bá ní kí gbogbo wọn pàdé ara wọn, ìpele 31 ni, ayò 496. Swiss ń fi ìpele 5 péré wá olúborí kan jáde láàárín 32 yẹn, ìpele 6 láàárín 64. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ó gé àtẹ orúkọ, tí a ti fi òṣùwọ̀n tò, sí méjì: ẹni kìíní kojú ẹni kẹtàdínlógún, ẹni kejì kojú ẹni kejìdínlógún, títí dé ẹni kẹrìndínlógún tó kojú ẹni kejìlélọ́gbọ̀n. Bí òṣùwọ̀n tó ga jù nínú gbọ̀ngàn bá jẹ́ 2100, tí èyí tó kéré jù jẹ́ 1000, tí àwọn yòókù sì tò sáàárín wọn déédéé, àlàfo orí tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ìpele yẹn á lé ní 550. Kò sí tábìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń jà. Ìpele kejì á wá yí i padà: ẹni àárín tí wọ́n nà láàárọ̀ á bọ́ sórí ẹni tó kéré sí i púpọ̀, á nà án bí ẹni ń mu omi. Ìpele kẹta, wọ́n á tún gbé e sókè lọ bá ẹni tí yóò nà án.

Bí ọ̀mì kò bá sí rárá, bí àtẹ ẹni 32 ṣe máa parí lẹ́yìn ìpele 5 nìyí: ẹni 1 ní àmì 5, ẹni 5 ní 4, ẹni 10 ní 3, ẹni 10 ní 2, ẹni 5 ní 1, ẹni 1 kò ní nǹkan kan. Ẹni 20 nínú 32 ló parí sórí 2 tàbí 3. Àwọn 20 yẹn ni ìdíje yín. Ọwọ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó gbọ̀ngàn ti wá. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń pín ẹ̀bùn, tí ẹ ń ya àwòrán, tí ẹ ń yan aago, ẹni 1 tó ní 5 nìkan lojú yín máa ń wò.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn ẹyọ kan ni ẹ máa gbà lọ́wọ́ wa, òun ni pé kẹ́ ẹ má kó gbogbo ènìyàn sínú agbo kan. Ẹ pín wọn sí ẹ̀ka: ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, ọ̀kan fún àwọn tí òṣùwọ̀n wọn kò tó 1800, ọ̀kan fún àwọn tí kò tó 1400 àtàwọn tó ń wá sí ìdíje fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe nọ́ńbà yìí ló ṣe pàtàkì. Lọ́dọ̀ tiyín, ó lè jẹ́ 1650 ni ibi tí àtẹ ti já fúnra rẹ̀, tí kò sí ẹnikẹ́ni láàárín 1600 sí 1700. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé e. Ẹ kàn ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpè ṣáájú pé ààlà lè yẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ yí i nítorí òun. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè sí ẹ̀ka tó wà lókè tirẹ̀, ẹ gbà á láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má gbà.

Àṣìṣe tó ń tẹ̀lé e ni kí ẹ̀ka pọ̀ ju èrò lọ. Swiss onípele 5 láàárín ẹni 6 tàbí 7 máa ń há: ó di ìpele tó kẹ́yìn, àwọn tó kù láti pàdé ti pàdé tán, ètò orí kọ̀ǹpútà á kọ̀ pé òun kò rí ẹni so pọ̀. Ẹni 6 gan-an kì í ṣe ìṣòro, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn pàdé ara wọn: ìpele 5, ayò 15, ó tán. Àmọ́ bí ẹ̀ka kan bá jẹ́ 7 tàbí 8, ẹ dà á pọ̀ mọ́ èyí tó sún mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ lo ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Agbo ẹlẹ́ni mẹ́rin. Ó ń yà wá lẹ́nu pé àwọn tó ń lò ó kò pọ̀, torí fún aláyò 12 sí 28, a kò mọ ohun tó dára jù ú lọ. Ẹ to orúkọ láti òṣùwọ̀n tó ga jù dé èyí tó kéré jù, ẹ gé e ní mẹ́rin mẹ́rin: 1 sí 4 di agbo kìíní, 5 sí 8 di agbo kejì, bẹ́ẹ̀ títí. Nínú agbo kọ̀ọ̀kan, kálukú pàdé ẹni mẹ́ta yòókù. Ìpele 3, ayò 6. Kò nílò kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà tó ṣáájú ló ń fi funfun ta: ìpele kìíní, 1–4 àti 2–3. Ìpele kejì, 4–3 àti 1–2. Ìpele kẹta, 2–4 àti 3–1. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì, ẹ fi káàdì náà sáàárín tábìlì méjèèjì tí agbo náà ń lò, kí àwọn aláyò fúnra wọn máa kọ èsì sí i. Ní báyìí, ọ̀ta mẹ́rin ń bá ara wọn jà nígun kan, òpè mẹ́rin ń bá ara wọn jà nígun kejì, agbo kọ̀ọ̀kan sì ní olúborí tirẹ̀. Bí aláyò bá jẹ́ 24, ẹni 6 ló máa lọ sílé ní olúborí.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni iye tí kò ṣeé pín sí mẹ́rin. Bí ẹ bá ní 22, ẹ má ṣe agbo 5 kẹ́ ẹ wá fi ẹni 2 sílẹ̀ lójú agbami; agbo 4 ni kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ fi ẹni 6 tó kù ṣe Swiss kékeré onípele 3. Bí ẹ bá ní 21 tàbí 23, ẹnìkan ní láti jókòó láìta ayò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àfi tí ẹ bá ti fi ẹnìkan pamọ́: ọ̀kan nínú yín tó mọ ayò ta níwọ̀n, tí kò retí ẹ̀bùn, tó lè jókòó nígbàkígbà tí iye kò bá pé méjì méjì. Ẹni yẹn wúlò ju àsíá àti ife ẹ̀yẹ lọ. Lóòótọ́ ni pé gígé náà kì í wojú: ẹni kẹrin lè fi 5 péré ju ẹni karùn-ún lọ, kó wá di pé ọ̀kan ni òpè agbo kìíní, èkejì ni ọ̀ta agbo kejì. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣì rí ayò mẹ́ta tó gba làákàyè.

Bó bá di dandan kí gbogbo ènìyàn wà nínú agbo kan, bóyá torí pé gbọ̀ngàn kéré tàbí adájọ́ kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ yá ìdajì òkè àtẹ ní àmì 1 fún ìpele kìíní àti ìkejì, kẹ́ ẹ sì gbà á padà kí ìpele kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Àmì yìí wà fún títo ẹni kò ẹni nìkan, kò sí nínú èsì. Láàárín ẹni 32, ẹni kìíní á wá kojú ẹni kẹsàn-án, ẹni kẹtàdínlógún á kojú ẹni kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àlàfo inú ìpele kìíní á sì dín sí ìdajì. Ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ṣe. Kò wo àrùn náà sàn. Ibà rẹ̀ ló ń mú rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní òṣùwọ̀n rárá nìkan tó láti ba ọjọ́ jẹ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2024, FIDE kì í ka òṣùwọ̀n tó bá wà lábẹ́ 1400, ìyẹn ni pé ẹni tí kò sí lórí àkọsílẹ̀ wọn lè jẹ́ ẹni tó kọ́ ayò lánàá, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ti ń ta á fún ogún ọdún láìforúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Òfo iwájú orúkọ kò túmọ̀ sí òpè. Bí ẹ bá fi òfo náà sílẹ̀, ètò orí kọ̀ǹpútà á kó gbogbo wọn sí ìsàlẹ̀ àtẹ, ẹ ó sì rí àgbà ọ̀jẹ̀ kan nínú ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta sínú fọ́ọ̀mù. Èkíní: kí ni òṣùwọ̀n rẹ tó ga jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbo, pẹ̀lú ìṣẹ́jú mélòó? (Ẹ má gbà á bó ṣe wà: lórí Lichess, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, 1500 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tuntun, nọ́ńbà ibẹ̀ sì sábà máa ń ga ju ti FIDE lọ.) Èkejì: ìdíje mélòó lo ti bá wọn kópa? Ẹ̀kẹta, èyí tó dára jù: ta ni nínú àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ lo máa ń bá ta ayò, báwo ló sì ṣe ń parí? Ìdáhùn yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n àfojúdá, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ kí ìpele kìíní tó wáyé.

Aago wá kàn. Fún ìdíje ọjọ́ kan, ìṣẹ́jú 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí aago máa fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún un nígbàkúùgbà tó bá gbé ọmọ ayò, ni ó ń bá gbogbo ènìyàn lára mu. Ayò tó bá lọ dé ìrìn 60 á gba ìṣẹ́jú 25 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, 50 lápapọ̀. Èyí tó bá gùn dé ìrìn 80 kò ní kọjá 57. Nítorí náà, ẹ fi ìṣẹ́jú 65 sáàárín ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kan àti òmíràn: aago 10:00, 11:05, 12:10, ìsinmi oúnjẹ, 14:00, 15:05. Aago 16:15, ẹ ti ń pín ẹ̀bùn. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kẹ́ ẹ sì dì í mú. Ẹ̀yin tó máa ń fi ìṣẹ́jú 50 sáàárín kí ọjọ́ lè tètè parí, ẹ̀yin lẹ máa ń parí lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, torí ayò kan ṣoṣo tó bá gùn á fa ìpele tó kàn sẹ́yìn, èyí á sì fa èyí tó kàn an. Fún agbo ẹlẹ́ni mẹ́rin tó jẹ́ ayò mẹ́ta péré, ẹ lè fún wọn ní ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 10, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú 95 sáàárín.

Bí aago yín kò bá mọ bí a ti ń fi ìṣẹ́jú-àáyá kún un, ìṣẹ́jú 25 gbáko ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ gbọ́dọ̀ kéde ṣáájú ohun tí ẹ máa ṣe nígbà tí ẹnìkan bá ní ìṣẹ́jú kan lórí aago, tí ayò náà kò ṣeé borí mọ́, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì ń fi rúùkù rìn kiri kí àkókò lè tán mọ́ ọn lára. Ìlànà wà fún un nínú ìwé òfin FIDE, àmọ́ kò ní agbára àfi tí olùṣètò bá ti sọ pé òun máa lò ó. Ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn ayò aláìní-àfikún pọ̀ ju gbogbo ìjà yòókù lọ.

Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìṣòro tó yàtọ̀: wọ́n á ta ayò ìṣẹ́jú 50 ní ìṣẹ́jú 8. Ẹ kò lè fi òfin dá wọn dúró. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n máa lọ, yàrá míràn tó ní pátákó mẹ́ta mẹ́rin àti àgbà ọ̀ta kan tó ní sùúrù, tí yóò bi wọ́n pé níbo ni ayaba wọn ti kú. Bí yàrá yẹn kò bá sí, inú gbọ̀ngàn náà ni wọ́n á dúró sí, wọ́n á sì máa sọ ìrìn fún ẹni tó ń ta lọ́wọ́.

Láàárọ̀, ẹ ti ìforúkọsílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ìpele kìíní. Ẹ ka orúkọ. Ẹni tí kò dáhùn, tí kò sì pè, ẹ má fi í sínú àtẹ ìfojúkojú. Bó bá dé lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ìdajì àmì fún ìpele kìíní tí òfin ìdíje yín bá gbà á, kó bẹ̀rẹ̀ ní ìkejì. Ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹni tó pẹ́ lè fi pẹ́ kó tó pàdánù, 10 dáa fún ayò ìṣẹ́jú 15. Bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan, òfin FIDE kà á sí òdo: ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti pàdánù. Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè sókè pé ta ló ń lọ sílé. Ẹni tó bá lọ láìsọ fún yín á fi ẹnìkan sílẹ̀ níwájú àga òfìfo. Ẹni tó rìnnà wá ta ayò márùn-ún, tí ẹ wá fún ní àmì ọ̀fẹ́, ẹ kò ṣe é lóore. Ohun kan náà ni báì. Àmì kan ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣẹ́ kù, ẹnikẹ́ni kì í gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí àmì rẹ̀ kéré jù ló sì máa ń bọ́ sí lọ́wọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó nílò ayò jù lọ ni kò rí ayò ta. Ẹ rántí ẹni àfipamọ́ yẹn. Bí báì kò bá ṣeé yẹ̀, kó bá ẹni tó gba báì ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí kò tilẹ̀ sí nínú èsì.

Èsì tí wọ́n kọ sódì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Dúdú borí, wọ́n kọ 1–0, tó túmọ̀ sí pé funfun ló borí. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ wá síwájú tábìlì yín, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i. Ẹ lẹ àtẹ èsì mọ́ ògiri kẹ́ ẹ tó to ìpele tó kàn, kí ẹni tí wọ́n ṣì kọ lè pariwo lákòókò. Bí àṣìṣe bá hàn lẹ́yìn tí ìpele ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tún èsì ṣe, ẹ jẹ́ kí ayò máa lọ. Ẹ má dá ẹni 32 dúró nítorí ẹni 2. Ẹ má sì fọwọ́ yí àtẹ padà nítorí ọ̀rẹ́ méjì kò fẹ́ pàdé. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á rò pé gbogbo àtẹ ni ẹ ń fọwọ́ ṣe.

Nípa ẹ̀bùn, a ó sọ̀rọ̀ pàtó. Bí ẹ̀ka bá mẹ́ta, tí owó ìwọlé wọn dọ́gba, tí gbogbo ẹ̀bùn sì wà ní ẹ̀ka òkè, owó òpè ni ẹ fi ń san ọ̀ta. Ẹ pín owó ẹ̀bùn gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn tó wọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ọ̀ta bá fẹ́ ẹ̀bùn tó tóbi, kí owó ìwọlé tiwọn ga. Wọn kì í kọ̀ ọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé ọwọ́ ara wọn ló ń padà sí. Nínú ẹ̀ka ìsàlẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ àti ìwé ayò sàn ju owó lọ, torí ibi tí owó bá ti pọ̀ nísàlẹ̀ ni àwọn kan á ti máa mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù láti lè wà níbẹ̀. Ẹ fi òṣùwọ̀n ẹnì kan tó ga jù láàárín oṣù 12 tó kọjá pín ẹ̀ka, kì í ṣe tòní. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè gba àmì-ẹ̀yẹ kìíní, ṣùgbọ́n kí owó tó lè gbà ní òpin. Ẹ má ṣèlérí iye kan tí kò tíì sí lọ́wọ́. Ẹ kọ ìdá sínú ìwé ìpè, ẹ wá kéde iye gan-an lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀.

Nígbà tí àmì bá dọ́gba, Buchholz ni ọ̀pọ̀ ń lò: ẹ ro àmì gbogbo àwọn tó kojú ẹnìkan pọ̀, ẹni tí àwọn tó kojú rẹ̀ ṣe dáadáa jù ló ṣáájú. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ aláyò: ẹni tó nà á láàárọ̀ tó sì lọ sílé á fa tirẹ̀ wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yọ àmì tó kéré jù kúrò kí wọ́n tó rò ó. Fún ife ẹ̀yẹ, ẹ lò ó. Fún owó, ẹ dà á pọ̀ kẹ́ ẹ pín in dọ́gba, tàbí kẹ́ ẹ lo ọ̀nà Hort, ìdajì gẹ́gẹ́ bí ipò, ìdajì ní dọ́gbadọ́gba. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kó ti wà lára ògiri kí ìpele kìíní tó bẹ̀rẹ̀.

Adájọ́ tó mọ òfin lórí, tí kò mọ òpè, á dẹ́rù bà wọ́n lọ. Ẹ lo ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ìpele kìíní láti sọ nǹkan mẹ́rin péré. Ọmọ ayò tó o bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn, òun ni wàá gbé. Ọwọ́ tó gbé ọmọ ayò náà ló ń tẹ aago. Bí ohunkóhun bá rú ọ lójú, dá aago dúró, ná ọwọ́ sókè, má bá ẹni tó kojú rẹ jiyàn. Ayò kò tíì parí àfi tí ẹ̀yin méjèèjì bá gbà pé ó parí, torí ó wọ́pọ̀ kí ọmọdé bọ ọmọdé lọ́wọ́ pé “ọba rẹ ti kú” nígbà tí ọba ṣì ní ibi tó lè sá sí, tàbí nígbà tí kò sí ṣẹ́ẹ̀kì rárá, tó jẹ́ pé ọ̀mì ni. Nípa ìrìn èèwọ̀, òfin ayò ìṣẹ́jú 15 ni pé kẹ́ ẹ dá ìrìn náà padà, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún aago ẹni tó kojú rẹ̀. Ìgbà kejì, ó pàdánù. Nínú ẹ̀ka àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, tí kò lọ sínú àkọsílẹ̀ òṣùwọ̀n, a máa ń dámọ̀ràn ìgbà kẹta, kẹ́ ẹ kàn ti kéde rẹ̀. Fóònù tó bá dún nínú àpò: òfin sọ pé ẹni náà pàdánù, ṣùgbọ́n ó fún olùṣètò láàyè láti kọ ìjìyà tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ sínú ìlànà rẹ̀. Ẹ kọ ọ́.

Ohun èlò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Aláyò 32 nílò pátákó 16, ẹ mú 18. Kí ihò orí pátákó, ìyẹn ojú onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kí ọba ga tó 9.5. Ẹ fi ayaba kan kún ọmọ ayò aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tí pọ́ọ̀nù rẹ̀, ọmọ ayò kékeré, bá dé òpin pátákó, tó fẹ́ sọ ọ́ di ayaba, tí kò rí ayaba á dojú rúùkù dé, á máa pè é ní ayaba, bẹ́ẹ̀ rúùkù ni òfin kà á sí. Bátìrì àfikún, bírò 40, nọ́ńbà tábìlì tó ṣeé rí láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ lọ wo ọwọ́ ọ̀tún gbogbo pátákó kí èrò tó wọlé: ihò funfun ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Aláyò tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ má gbé e kiri láti tábìlì dé tábìlì. Tábìlì kan ni kó ní, kí ẹni tó kojú rẹ̀ wá bá a. Aláyò tí kò ríran á mú pátákó tirẹ̀ dání, èyí tó ní ihò tí wọ́n ń ki ọmọ ayò bọ̀, àwọn méjèèjì á sì máa sọ ìrìn sókè, nítorí náà ẹ fi tábìlì wọn sí igun tí ohùn kò ti ní di àwọn yòókù lọ́wọ́.

A kò ní kí ẹ gbàgbé ọ̀ta. Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀, kò sì ná òpè ní nǹkan kan: ẹni tó lè bá a jà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àkókò tí kì í yẹ̀, àti ayò tó máa wọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí gba ìmúrasílẹ̀, torí àjọ ṣẹ́ẹ̀sì orílẹ̀-èdè yín ló gbọ́dọ̀ fi ìdíje náà ránṣẹ́ sí FIDE ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, adájọ́ tó ní ìwé àṣẹ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀ka òkè nìkan lẹ lè ṣe é fún, kí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Lálẹ́ ọjọ́ ìdíje yín tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó tú pátákó ká, ẹ mú àtẹ èsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìsàlẹ̀. Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ayò tó ta pẹ̀lú ẹni tí àlàfo òṣùwọ̀n wọn kò ju 200 lọ. Bí ẹ bá rí ẹni tí iye tirẹ̀ kò tó 2, ẹ fi àmì sí orúkọ náà, kẹ́ ẹ sì wò ó nígbà ìforúkọsílẹ̀ tó tẹ̀lé e bóyá ẹ óò tún rí i. Ẹ fi ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí wa.

Àwa tiyín,
aláyò àti adájọ́ tó máa ń jókòó sídìí tábìlì èsì